Ṣé ó dìgbà tí ọmọ bá mọ ìṣirò bí Einstein kó tó lè kọ ètò kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi obìnrin ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ́dún tó kọjá, kíláàsì áàtì ló wà. C6 ló ní nínú ìṣirò. Ó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àmọ́ níbi tí a ti lọ béèrè, wọ́n ní onímọ̀ ìṣirò tó bá Einstein ṣiṣẹ́ ló dá èdè kọ̀ǹpútà sílẹ̀, pé orí tí ìṣirò ò bá jóòkó sí kò lè gbé e. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ sanwó ìṣirò oṣù mẹ́fà. Ṣé òótọ́ ni? Irú kọ̀ǹpútà wo ni kí n sì rà fún un? (Ìyá oníṣòwò aṣọ, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí ẹ máa rà sílẹ̀ ná. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni irú ìbéèrè yìí ti dọ́wọ́ mi láàárín oṣù kan, orúkọ Einstein sì wà nínú méjì. Ó ti ń sú mi.

John Kemeny ni ọkùnrin tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín. Wọn ò parọ́ pé onímọ̀ ìṣirò ni. Wọn ò parọ́ pé ó bá Einstein ṣiṣẹ́ ní Princeton, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, kó tó gboyè dókítà ní 1949. Kemeny fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé Einstein ò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú físíìsì, inú ìṣirò ló ti ń wá ẹni tó máa ran òun lọ́wọ́. Ẹ bá mi fi ìyẹn dá wọn lóhùn.

Ibi tí wọ́n ti gbé e gba òdì ni ìdí tó fi dá èdè kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ BASIC. Èdè kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ tí à ń fi kọ ètò, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ìlú Budapest ni wọ́n bí Kemeny sí ní 1926, ìdílé rẹ̀ sì sá wá sí Amẹ́ríkà ní 1940. Ní 1953 ó dé Dartmouth, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fọwọ́ kàn. Ẹ máa lu ihò sára káàdì, ihò yẹn ni ètò yín, ẹ máa kó o fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ẹ ó wá máa retí èsì. Thomas Kurtz, alábàáṣiṣẹ́ Kemeny, a máa di káàdì sínú àpótí, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Boston, kí wọ́n lè bá a fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Tí àmì kan péré bá ṣì, ó di ìrìn àjò mìíràn.

Nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Dartmouth, bí ẹnì kan ló ń kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ẹ́ńjìníà. Àwọn mẹ́ta yòókù ló ń jẹ Kemeny lọ́kàn: àwọn ọmọ áàtì, irú ọmọ yín gẹ́lẹ́. Ó ní àwọn wọ̀nyí ló máa di òṣèlú àti ọ̀gá ilé iṣẹ́, àwọn ló máa pinnu ohun tí a ó fi kọ̀ǹpútà ṣe, wọn ò sì ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. FORTRAN, èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń lò nígbà yẹn, le jù fún wọn. Ohun tó jẹ́ kí òun àti Kurtz ṣe BASIC nìyẹn. Olùbẹ̀rẹ̀ ni lẹ́tà B inú orúkọ yẹn dúró fún! Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1964, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ètò méjì lẹ́ẹ̀kan náà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè kankan ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ètò tó ń pín ẹ̀rọ náà láàárín àwọn èèyàn. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ náà, ẹ ó tẹ HELLO. Tí ẹ bá ń lọ, GOODBYE. Akẹ́kọ̀ọ́ ò san kọ́bọ̀, bí ẹni wọ ilé ìkàwé ni.

Kemeny náà ló wá di ààrẹ Dartmouth láti 1970 sí 1981. Ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin wọlé, ní 1972, ó sì ń kọ́ kíláàsì lọ bó ṣe wà nípò.

Ní 1979, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní Three Mile Island, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná alágbára átọ́míìkì ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ààrẹ Amẹ́ríkà, Carter, fi Kemeny ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀. Fáàfù kan, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń pa ọ̀nà páìpù dé, ló kọ̀ tí kò padé. Iná kékeré ara pátákó tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ sọ pé àṣẹ ti lọ pé kó padé, àwọn òṣìṣẹ́ sì rò pé ó ti padé nìyẹn. Agogo ìkìlọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ń ké lórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbìmọ̀ náà kọ ọ́ pé àléébù ti ẹ̀rọ kéré sí ti èèyàn: bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń darí wọn, àti àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ gbogbo wọn. Lójú tèmi o, ọmọ áàtì tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yé èèyàn lè rí àléébù iná yẹn ṣáájú ẹni tó gba A1 nínú ìṣirò.

Mi ò ní kó má kọ́ ìṣirò o. Tó bá fẹ́ ya àwòrán géèmù, tàbí kó kọ́ ẹ̀rọ láti máa dá ronú, ìṣirò á bá a níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ yunifásítì ló fẹ́ lọ kà á, físíìsì tí kò ṣe ló ṣeé ṣe kó dí i lọ́nà ju C6 yẹn lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó bá mú kí ẹ tó náwó, èmi kọ́ ni mò ń gbani wọlé. Mi ò sì dé ibi tí ẹ ti lọ béèrè, ẹ má fi orúkọ mi lọ pè wọ́n ní olè. Ẹ kàn má sanwó ìṣirò oṣù mẹ́fà yẹn.

Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni kó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ti tó fún un ní oṣù àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dáhùn ti kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kó kọ ètò tó máa ṣọ́ owó àjọ yín ní ọjà: ta ló ti dá, ta ló ṣì jẹ gbèsè, iye tó kù lọ́wọ́ ta ni. Tí ètò náà bá ti ń ṣírò owó bó ṣe yẹ, ẹ kọ̀wé sí mi, ká wá sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.