Ọkọ̀ ń sáré níwájú ilé-ìwé wa: níbo ni agbára káńsẹ́lọ̀ mọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan lẹ́yìn Akóbọ̀, nílùú Ìbàdàn. Láti ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti pọ̀ lójú títì ńlá, inú àdúgbò wa ni àwọn onímáíkírà àti àwọn ọlọ́kadà ń gbà já, eré àsápajúdé ni wọ́n sì ń sá kọjá níwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ọ̀kadà ti gbá ọmọ méjì lọ́dún yìí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí a dá owó jọ, kí a fi kọnkéré mọ bọ́ǹpù fúnra wa. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀ ni. A ti lọ bá káńsẹ́lọ̀, ó ní kò sí owó lọ́wọ́ òun. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ohun tó lè ṣe? Ibo ni kí á gbé ọ̀rọ̀ náà gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu àwọn ọmọ méjèèjì, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀ mọ́.

Òótọ́ ni káńsẹ́lọ̀ yín sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Káńsẹ́lọ̀ kì í buwọ́ lu ìwé owó, kò ní katakata, kò sì lè pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ kankan pé kó lọ da ọ̀dà sí òpópónà kan. Alága ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ni ìyẹn já lé léjìká. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ṣojú wọ́ọ̀dù rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin ìbílẹ̀, tí wọ́n ti ń yẹ ètò ìṣúná ọdọọdún wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì ti ń bi alága léèrè bí ó ṣe ná owó náà. Iṣẹ́ ọ̀nà tí kò bá sí nínú ètò ìṣúná yẹn, bí ẹ bẹ̀bẹ̀ títí di ọdún mẹ́wàá, kò ní di ṣíṣe. Ẹ má ṣe béèrè owó ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè ohùn rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun tí yóò fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ tó padà lọ bá a, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀nà. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìjọba ìbílẹ̀ náà sì wà, kò sì sí èyí tó máa ń fẹ́ ná owó sórí ọ̀nà ẹlòmíràn. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, Ìbàdàn sí Ifẹ̀, àti èyí tó gba Ọjọ́ọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀nà ńlá tó ti Ìdí-Àpẹ gba Baṣọ̀run wọ Akóbọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló tún un ṣe, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà. Àwọn òpópónà inú àdúgbò, irú èyí tí ilé-ìwé yín wà lórí rẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn. Kódà, tí a bá wọn gbogbo ọ̀nà Nàìjíríà pọ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló wà lábẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ohun kan tí ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú ní Ìbàdàn ni pé ìjọba ìbílẹ̀ 11 nínú 33 ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló pín ìlú náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, òpópónà kan sì lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀kan kí ó parí sínú òmíràn. Ẹ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní sẹkitéríàtì, kí wọ́n fi hàn yín lórí àwòrán ilẹ̀ wọn, kí ẹ sì gba èsì náà ní àkọsílẹ̀.

Wàyí o, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ nínú àfikún rẹ̀ kẹrin. Àwọn ènìyàn a máa kà á débi tí ó ti mẹ́nu ba ọ̀nà, wọn a sì dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú àwọn ìlà yòókù ni ọ̀pọ̀ ohun tí ó lè gba ẹ̀mí ọmọ là wà: iná ojú pópó àti gọ́tà, ọjà àti gáréèjì, àbójútó ṣọ́ọ̀bù àti búkà, pátákó ìpolówó ọjà, fífún òpópónà lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ dúró sí iwájú ilé-ìwé yín nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jáde, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ṣé àwọn ìsọ̀ onípákó kò ti gba bèbè ọ̀nà tán, tó fi jẹ́ pé ojú títì gan-an ni àwọn ọmọ ń rìn? Ṣé kì í ṣe pé gọ́tà kò ní ìdérí, tàbí kí pàǹtírí ti dí i, tí omi fi ń lé ẹlẹ́sẹ̀ sí àárín ọ̀nà nígbà òjò? Ìlú tó rí omíyalé ọdún 1980 àti ti 2011 kò yẹ kó fi ọ̀rọ̀ gọ́tà ṣeré, yálà nítorí àgbàrá tàbí nítorí ọkọ̀. Ṣé àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ kò sọ ẹnu géètì di ibùdókọ̀? Ṣé pátákó ìpolówó kan kò bo kọ́nà, tí awakọ̀ kò fi lè rí ọmọ títí ọmọ yóò fi dé iwájú rẹ̀?

Lójú tèmi, ibí gan-an ni káńsẹ́lọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe wọ́ọ̀dù rẹ̀ lóore jù. Kíkó ìsọ̀ kúrò ní bèbè ọ̀nà níwájú ilé-ìwé, sísún ibùdó ọ̀kadà síwájú díẹ̀, títún pátákó kan gbé síbòmíràn, dídé gọ́tà ní ìwọ̀n ibi tí àwọn ọmọ ń rìn: kò sí èyí tí owó rẹ̀ tó ti ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ ló sì wà nínú agbára káńsù. Òfin ìbílẹ̀ kan lè sọ ọ́ di èèwọ̀ láti patẹ ọjà tàbí dá èrò dúró níwájú géètì ilé-ìwé èyíkéyìí, káńsẹ́lọ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀ ń kọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lé wọn bí ẹni lé ẹran; ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bá wọn wá àyè mìíràn nítòsí kí òfin tó dé, nítorí àwọn ọmọ tiwọn náà wà nínú ilé-ìwé yẹn. Ní ti nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà, ọ̀pọ̀ kò kà á sí ọ̀rọ̀ ààbò, ṣùgbọ́n bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ pe 122 ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó (FRSC), ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò béèrè ni ibi tí ẹ wà.

Èyí kò wá sọ pé kí ẹ gbàgbé eré. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan máa ń rin nǹkan bíi mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nígbà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò tíì kan bíréèkì; bí ó bá jẹ́ 30 ni, mítà mẹ́jọ àti díẹ̀ ni. Àjọ ìlera àgbáyé (WHO) ṣàlàyé pé ewu ikú ẹlẹ́sẹ̀ tí ọkọ̀ gbá lórí eré kìlómítà 65 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ ti ẹni tí wọ́n gbá lórí 50, àti pé ìjàǹbá ojú pópó ni ó ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́, láti ẹni ọdún 5 sí 29, jù lọ lágbàáyé. Nítorí náà, bọ́ǹpù tí ẹ ń béèrè tọ́. Bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é ni kò tọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mọ ọ́n fúnra yín. Ọ̀nà ìjọba ni. Ẹni tó bá gbé ohun ìdènà sí i láìgba àṣẹ lè jẹ́jọ́ rẹ̀ bí ọlọ́kadà kan bá ṣubú lórí rẹ̀ lóru. Èyí tó tún burú jù ni pé bọ́ǹpù kọnkéré tóóró, tó ga gọngọ, tí àwọn àdúgbò máa ń mọ, kì í dá ẹni tó ń sáré jù dúró. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé ọkọ̀ tó ń sáré gan-an lè gun èyí tóóró kọjá kó má mọ̀ ọ́n lára tó ọkọ̀ tó ń rọra bọ̀. Ẹni tí ó ń fìyà jẹ ni aláboyún inú máíkírà àti ẹni tó gbé ẹrù sẹ́yìn ọ̀kadà. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gùn ní mítà 3.7 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rọra ga díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, gíga rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 sí 10 lọ. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó lórí rẹ̀ ni yóò ṣe ni awakọ̀ lára tó. A kì í fi sí kọ́nà tàbí orí òkè tí awakọ̀ kò ti ní tètè rí i, a kì í fi dí ojú omi, a gbọ́dọ̀ kùn ún ní ọ̀dà tó ń tàn lóru, kí a sì gbé àmì síwájú rẹ̀. Ẹyọ kan kì í tó, nítorí awakọ̀ a tún gbéra lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan bíi méjì tàbí mẹ́ta, tí ilé-ìwé wà láàárín wọn, ni ó ń ṣiṣẹ́. Owó tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ dá, ẹ lè fi lọ káńsù gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́ fún iṣẹ́ tí ẹnjiníà wọn yóò wọ̀n, tí yóò sì bójú tó. Mo ti rí i tí ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìwé tí ẹ ó kọ ni ọ̀ràn yóò dúró lé lórí. Nígbà tí mo wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ìwé ẹ̀bẹ̀ fún bọ́ǹpù ń dé orí tábìlì wa lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó sọ ibi tí wọ́n ń wí gan-an kò pọ̀. Ẹ kọ orúkọ òpópónà náà, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, iye ọmọ tó wà nílé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ṣe sọ ọ́. Ẹ yan ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan jókòó ka iye ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ tó kọjá ní wákàtí tí àwọn ọmọ ń jáde. Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n gbá ọmọ méjèèjì, ohun tó gbá wọn àti ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ, kí ẹ sì so ìwé àgọ́ ọlọ́pàá mọ́ ọn bí ẹ bá fi ẹjọ́ sùn. Ẹ ya àwòrán. Káńsẹ́lọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí alága, sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde àti sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ìgbàwé sórí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ọdún ìṣúná a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, nítorí náà ìwé tó bá dé kí oṣù Kẹsàn-án tó parí ṣì lè wọ ètò ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó dé ní oṣù Kejìlá, ẹ̀yìn àjọ ni ó dé.

Ọ̀rọ̀ pé kò sí owó kì í ṣe irọ́ pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpò àjùmọ̀ní ti ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni owó láti Àbújá ń gbà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í dé káńsù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kò bófin mu kí gómìnà di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, àti pé kí a máa san án fún wọn tààrà. Bí ìdájọ́ náà bá ṣe fìdí múlẹ̀ tó ní ìpínlẹ̀ kan ni àwáwí yóò ṣe dín kù tó níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lè fi òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 béèrè iye tí káńsù yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà inú wọ́ọ̀dù yín. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún ọ́fíìsì ìjọba láti fèsì.

Ní ti dídá awakọ̀ dúró àti bíbu owó ìtanràn fún un, èyí kì í ṣe ti káńsẹ́lọ̀ rárá. Ọwọ́ ọlọ́pàá, FRSC àti àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ (OYRTMA) ni ó wà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ó kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, ọdún 11 kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988 pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́, ìdí rèé tí n kò fi gbà pé Ìbàdàn kò lè ṣe ohun tó rọrùn bí èyí. Káńsẹ́lọ̀ lè kọ ìwé pè wọ́n wá, kí wọ́n dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì bá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà àti onímáíkírà ṣe ìpàdé.

Kí gbogbo èyí tó so èso, àwọn ọmọ yóò máa kọjá lójoojúmọ́. Ẹ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́ kí wọ́n má ṣe tú gbogbo kíláàsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn kékeré kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú olùkọ́ wọn, kí gbogbo ọmọ sì máa kọjá ní ojú kan ṣoṣo, níbi tí awakọ̀ ti lè rí wọn láti òkèèrè. Ẹ yan àgbàlagbà méjì tó ṣeé fọkàn tán, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ọ̀nà, kí wọ́n wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ yòò. FRSC ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó fi ara wọn jìn láìgba owó oṣù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì wọn tó wà nítòsí yín, kí ọ̀kan nínú wọn wá kọ́ àwọn méjèèjì bí a ṣe ń na ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.