Ẹ Bi Wá Nípa Èdè: Ọmọ Mi Ní "Omi Kò Wà"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọbìnrin mi ti lé lọ́mọ ọdún méjì. Ègùn ni ìyá ọkọ mi ń bá a sọ, Yorùbá ni èmi ń sọ sí i nítorí pé Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Bí omi bá tán nínú ife, á ní "omi kò wà". Bí mo bá ní kó lọ sùn, á ní "mi ò máa sùn". Nígbà mìíràn, á fi Ègùn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á fi Yorùbá parí rẹ̀. Olùkọ́ kan níbi tí mo ń gbé e lọ láàárọ̀ sọ pé èdè méjì ló ń da orí ọmọ náà rú, pé ká pa Ègùn tì. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe sí àwọn àṣìsọ yẹn?
*Ìyá Ọmọge, Ajárá, Àgbádárìgì*

Ìdáhùn: Ìyá Ọmọge, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má pa Ègùn tì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, kí wọ́n máa bá a sọ ọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "omi kò wà", òun ló dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín. Ta ló kọ́ ọmọ náà ní gbólóhùn yẹn? Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe ìyá àgbà, kò sì sí àgbàlagbà kan tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni "ó lọ, kò lọ", "ó dùn, kò dùn", "ó tó, kò tó". Etí òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́ ọ pé "kò" la fi ń sọ pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ "omi wà", ó fi "kò" síwájú rẹ̀, ó di "omi kò wà". Bó ṣe ṣe "mo máa sùn" náà nìyẹn, tó fi di "mi ò máa sùn". Àwa àgbà la yà kúrò lójú ọ̀nà níbẹ̀: "wà" ń di "kò sí" lẹ́nu wa, "máa" ń di "kò ní", a ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un rí. Ọmọ tó bá kàn ń sín àgbà jẹ kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí láéláé. Ọmọ tó ti fúnra rẹ̀ rí bí èdè ṣe ń lọ ló ń ṣe é.

Àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àkọ́kọ́ wọn ń ṣe tiwọn náà. Wọ́n á kọ́kọ́ máa sọ *went* bó ṣe yẹ, tó bá yá wọ́n á máa sọ *goed*, kí wọ́n tó padà sórí *went*. Lọ́dún 1986, David Rumelhart àti James McClelland ní Amẹ́ríkà kọ ètò kọ̀ǹpútà kan láti fi wo bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọn ò fi òfin gírámà kankan sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ fún ohun tó ti kọjá nìkan ni wọ́n ń fi hàn án. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àṣìṣe tí ọmọ ń ṣe. Steven Pinker àti Alan Prince ta kò wọ́n lọ́dún 1988. Wọ́n ní ètò náà tún ń ṣe àṣìṣe tí ọmọ kankan kì í ṣe, àti pé bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bọ́ ọ, díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó da púpọ̀ bò ó lẹ́ẹ̀kan náà, wà lára ohun tó fa ìyípadà yẹn. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ náà. Lójú tèmi, Pinker àti Prince jàre lórí bí wọ́n ṣe bọ́ ètò náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìjà yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èèyàn lè fi ẹ̀rọ dán èrò rẹ̀ nípa ọmọ wò dípò kó kàn máa jiyàn.

Nítorí náà, ẹ má bá a wí, ẹ má sì ní kó tún un sọ. Bó bá ti ní "omi kò wà", ẹ dá a lóhùn pé, "Omi kò sí? Ó dáa, jẹ́ ká lọ bù ú." Ó ti gbọ́ èyí tó tọ́ nìyẹn, yóò sì fúnra rẹ̀ bọ́ sí i.

Ti èdè méjì ńkọ́? Lọ́dún 2010, Krista Byers-Heinlein, Tracey Burns àti Janet Werker dán àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wò ní Kánádà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Tagalog, èdè kan ní Philippines, ni àwọn ìyá wọn ń sọ nígbà oyún. Àwọn ọmọ náà ń fetí sí èdè méjèèjì, wọ́n sì ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, láti ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n dáyé! Ti pé ó ń fi Ègùn bẹ̀rẹ̀ tó ń fi Yorùbá parí, ẹ dé ọjà Àgbálátà lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ fetí sí àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ ló ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀, ẹ ka ti Ègùn mọ́ ti Yorùbá, ẹ má ka ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ ní kò tó.

Ohun tí ì bá kó mi láyà sókè ni ká ní ó ti lé lọ́mọ ọdún méjì tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tí a ń pè é látẹ̀yìn tí kò yíjú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, láìfi falẹ̀. Tiyín kò sí nínú wọn.

Ìbéèrè: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ pé ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kọ́ èdè gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń kọ́ ọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.
*Olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, Ìbéréko*

Ìdáhùn: Ọ̀gá, ibì kan wà tí wọ́n ti jọra, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tèmi wà: mo ń fi kọ̀ǹpútà wo bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀, a kì í dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Inú ìwé ni àlàfo wà. Báwo ni ọmọ ọwọ́ ṣe ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí? Lọ́dún 1996, Jenny Saffran, Richard Aslin àti Elissa Newport ní Yunifásítì Rochester jẹ́ kí àwọn ọmọ oṣù 8 gbọ́ ohùn kan tó ń lọ láìdúró fún ìṣẹ́jú 2 péré. Ọ̀rọ̀ 4 tí kò nítumọ̀ ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, irú bíi *bidaku* àti *padoti*. Lẹ́yìn *bi*, *da* ló máa ń tẹ̀lé e ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn *ku*, èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ 3 tó kù ló lè wọlé. Ìyẹn nìkan ni àwọn ọmọ náà rí dì mú, ó sì tó wọn láti mọ ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìyá tó ń múra fọ́mọ: "Bàtà dà? Gbé bàtà wá. Bàtà rẹ rèé." Lẹ́yìn *bà*, *tà* ló ń wá. Lẹ́yìn *tà*, ó lè jẹ́ *dà*, ó lè jẹ́ *wá*, ó lè jẹ́ *rẹ*. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Mo kọ ètò kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà mi tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí ládùúgbò wa ń bá ọmọ wọn sọ bọ́ ọ láìfi àlàfo sí i, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Ó gé *bàtà* síbi tó yẹ. Ẹja ló dá a dúró. Nínú ìlú tí gbogbo wa ti ń jẹ ẹja, ta ló ń sọ "ra ẹja" ní kíkún? *Rẹja, sẹja, jẹja, pẹja* là ń sọ. Lójú ètò yẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ ọdún méjì a nawọ́ sí abọ́, a ní "ẹja". Ó ń rí abọ́, ó ń rí ojú ìyá rẹ̀, ebi sì ń pa á.

Ibòmíràn tí wọ́n ti jọra ni pé àwa náà ń sọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí ó tó dé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ fóònù náà nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun", gbogbo ìjókòó ti gba "ó wọ́" lẹ́nu rẹ̀. John Hale lọ́dún 2001 àti Roger Levy lọ́dún 2008 ló sọ èyí di ìṣirò: bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe jìnnà sí ohun tí à ń retí tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbà wá ní àkókò tó láti kà á. Ṣáájú wọn, lọ́dún 1980, Marta Kutas àti Steven Hillyard ti fi wáyà sórí àwọn èèyàn tó ń ka gbólóhùn bíi pé ẹnì kan fi ìbọ̀sẹ̀ ra búrẹ́dì gbígbóná lára. Bí wọ́n bá dé orí "ìbọ̀sẹ̀", kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ọpọlọ wọn ti fèsì.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni oúnjẹ. GPT-3, ọ̀kan lára irú ètò tó wà nídìí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 300 ègé ọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n sọ. Ọmọ tó pé ọdún 13 kò tíì gbọ́ ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀ lọ. Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe ìdíje kan tó ń jẹ́ BabyLM láti ọdún 2023: kí ètò kọ̀ǹpútà kọ́ èdè pẹ̀lú mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀, tàbí mílíọ̀nù 10 pàápàá. Lọ́dún 2024 ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ní Yunifásítì New York lo àwòrán àti ohùn láti ara kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ orí ọmọ kan ṣoṣo, láti oṣù 6 sí oṣù 25. Wákàtí 61 péré ló jẹ́, ètò wọn sì ti ń so ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ nǹkan tí wọ́n ń tọ́ka sí.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀, ara ọmọ ọwọ́ ni kí wọ́n ti wò ó kí wọ́n tó wo ara fóònù.

Ìbéèrè: Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, mo sì fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, mà?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Tòpó*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kọ́ ìmọ̀ ìró èdè, kọ́ ìṣirò oníṣeéṣe, kọ́ Python tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí nínú wọn tó wọ̀ ọ́ lára, tọrọ àyè lọ́wọ́ ìdílé kan, gba ohùn ọmọ wọn àti tàwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí o kọ gbogbo rẹ̀ jáde, àti èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Má tún ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe. Kọ ọ́ tòun ti àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, torí kọ̀ǹpútà tó bá rí "oko" lásán kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀, ọkọ́ tàbí oko ló wà níbẹ̀. Brian MacWhinney àti Catherine Snow dá àká ọ̀rọ̀ ọmọdé kan sílẹ̀ lọ́dún 1984, CHILDES ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, lọ wo bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kí o lè to tìẹ bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti kọ wákàtí àkọ́kọ́ jáde tán, fi ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ àwọn olóòtú. Màá bá ọ yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò.