Lẹ́tà Yín: Kí la lè lọ wò ní Lagos ti ilẹ̀ Pọ́túgàl?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa méjì. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àbúrò rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. A fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Algarve, ní gúúsù Pọ́túgàl, lóṣù Kẹsàn-án. Ọkọ mi ní etíkun ló ń bá òun lọ. Èmi ní mi ò lè torí iyanrìn wọ bàálù. Mo gbọ́ pé ìlú kan ń jẹ́ Lagos níbẹ̀. Ṣé òun ni wọ́n fi sọ Èkó lórúkọ? Kí la lè fi han àwọn ọmọ? Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni gbogbo wa ń lò, àmọ́ a ní ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ìyá ọlọ́mọ méjì, London

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ètò ìrìn àjò. Àwọn Potogí ló pe Èkó ní Lagos. Àwọn kan ní ìlú Algarve yìí ni wọ́n rò tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ní ọ̀sà wa ni wọ́n wò. Èyí ó wù kó jẹ́, ohun tó wà láàárín ìlú náà àti aláwọ̀ dúdú ju ọ̀rọ̀ orúkọ lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ iyanrìn.

Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1444, wọ́n kó ènìyàn 235 sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Lagos. Agbègbè tí à ń pè ní Mauritania lónìí ni wọ́n ti jí wọn gbé. Wọ́n kó wọn lọ sí pápá kan lẹ́yìn ibodè ìlú, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà márùn-ún, Henrique, ọmọ ọba Pọ́túgàl, sì wà lórí ẹṣin, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀ fún un. Gomes Eanes de Zurara, òpìtàn ọba, ló kọ ọ́ sílẹ̀: bàbá lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀, ìyá gbá ọmọ mọ́ àyà, ó dojú bolẹ̀ kí wọ́n má bàa já a gbà. Ẹ rántí pé ìyìn Henrique ni ọkùnrin yìí jókòó kọ o, síbẹ̀ kò lè fi ẹkún yẹn pamọ́.

Ilé tí wọ́n ń pè ní Mercado de Escravos, ọjà ẹrú, wà ní gbàgede Praça do Infante. Ó ti di musíọ̀mù. Kì í ṣe ilé ọdún 1444 ni ẹ ó rí. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn ìgbà náà kí wọ́n tó kọ́ èyí tó dúró síbẹ̀ báyìí. Ilé kékeré ni, ẹ má retí ààfin. Ère Henrique náà wà ní gbàgede yẹn kan náà, ó sì máa ń dùn mí pé ère ọ̀hún ni ọ̀pọ̀ àlejò ń yà ní fọ́tò, tí wọ́n á sì kọjá lọ.

Lọ́dún 2009, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ láti ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn odi ìlú, wọ́n kan egungun àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní 150, níbi tí ìlú ń da pàǹtí sí láyé àtijọ́. Ọmọdé wà lára wọn. Bí àwọn mìíràn ṣe dùbúlẹ̀ fi hàn pé a ti dè wọ́n. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn, ó ti tó gbọ́. Èyí àbúrò, ẹ rọra là á yé e kí ẹ tó wọ musíọ̀mù, kó má lọ jẹ́ pé ara ògiri ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ kà á.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ rélùwéè lọ sí Silves. Ibùdókọ̀ rélùwéè jìn sí ìlú díẹ̀, bíi kìlómítà méjì, ẹ wọ takisí bí oòrùn bá mú. Olú ìlú àwọn Mùsùlùmí agbègbè yẹn ni Silves nígbà kan rí, odi rẹ̀ sì pupa bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé wa. Lọ́dún 1189, Ọba Sancho Kìíní ti Pọ́túgàl àti àwọn ajagun-ẹ̀sìn tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù dó tì í fún ohun tó lé ní oṣù kan, òùngbẹ sì wà lára ohun tó mú ará ìlú jọ̀wọ́ ara wọn. Inú odi yẹn náà ni àgbá omi ńlá kan wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dé ibẹ̀, ẹ wá bi wọ́n léèrè bí ìlú ṣe ń mu omi nígbà tí ọ̀tá bá yí i ká.

Sagres, ìlú kan létí òkun, dára, bọ́ọ̀sì ń lọ láti Lagos, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le, ẹ mú súwẹ́tà dání. Ilé àdúrà tí wọ́n fi egungun èèyàn ṣe ògiri rẹ̀ ní Faro, ẹ fò ó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò nílò rẹ̀. Ti ọkọ yín ni Ponta da Piedade, òkè àpáta aláwọ̀ wúrà tó wà lẹ́bàá òkun Lagos. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀, àárọ̀ ni kí ẹ lọ.

Ní ti físà: ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà yín wọ Pọ́túgàl. Físà Schengen, èyí tí Pọ́túgàl àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni ẹ ó gbà, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Owó tí ìbánigbófò ìrìn àjò (travel insurance) yín lè san gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò, pásípọ́ọ̀tù sì gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ti àwọn ọmọ dáadáa, tiwọn ló máa ń tètè parí.