"Ìyá mi fẹ́ràn mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa": Ìbéèrè àti ìdáhùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ ọdún 36 ni mí, mo ti lọ́kọ, ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 4. Bàbá wa kú nígbà tí mo ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá mi nìkan ló tọ́ wa. Ó ta aṣọ òfì tó fi ṣègbéyàwó kí n lè ṣe WAEC. Bí ara mi ò bá yá, kì í sùn. Ìyá yìí kan náà ló máa ń fi wáyà iná nà mí títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, òun ló fi ata sí mi lójú lọ́jọ́ tí mo sọ owó ọjà nù. Ó wà lọ́dọ̀ wa báyìí, ó ń bá mi tọ́jú ọmọ. Bó bá ti gbóhùn sókè, àyà mi á já, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Kẹ́mísìtì àdúgbò wa ń ta Lexotan, oògùn tí ń mú ọkàn balẹ̀, fún mi, ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ọkọ mi ní aláìmoore ni mí. Wòlíì kan ní ìyá mi ló ń fi àjẹ́ dà mí láàmú, pé kí n wá gba ìdáǹdè. Oògùn wo ni mo lè lò tí màá fi gbàgbé, kí n lè fẹ́ràn ìyá mi bó ṣe yẹ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé mo ti mọ bó ṣe máa parí kí n tó kà á tán. Kò sí oògùn tí ń múni fẹ́ràn ìyá ẹni. O ò sì nílò rẹ̀, torí o fẹ́ràn ìyá rẹ. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ kì í dárúkọ aṣọ òfì kó tó dárúkọ wáyà.

Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé gbogbo ẹni tó yí ọ ká ló ní kí o yan ọ̀kan. Ọkọ rẹ ní ìyá ni wúrà, nítorí náà kò sí ọgbẹ́. Wòlíì ní àjẹ́ ni, nítorí náà kò sí ìfẹ́ rí. Ohun kan náà làwọn méjèèjì ń sọ: pé èèyàn kò lè fẹ́ràn ọmọ kó tún ṣe é léṣe. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn tí wọ́n sì ṣe léṣe ló kún inú kílíníìkì wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ti wòlíì, torí inú ń bí mi. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ló ń sọ ìyá àgbàlagbà di ẹni tí wọ́n ń lé jáde nílé, tí wọ́n ń sọ lókùúta lójú títì. Ó sì rọrùn fún ọmọ láti gbà á gbọ́, torí ó gba ìṣòro gidi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àjẹ́ ló nà ọ́, kò ní pọn dandan kí o máa gbé pẹ̀lú òtítọ́ pé obìnrin tí kò ní agbára kankan, tó ń ta ọjà, tí kì í sùn bí ara rẹ ò bá yá, ló gbé wáyà pẹ̀lú ojú tó là. Má fún wòlíì náà ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ló le, torí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ṣe iṣẹ́ ńlá. Àmọ́ ohun tó fẹ́ kí o gbà ni pé nígbà tó jẹ́ ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, nínà yẹn kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan. Bí ìyá bá fi omi tó gbóná jù wẹ ọmọ nítorí ó fẹ́ kó mọ́ tónítóní, awọ ara ọmọ kò ní béèrè èrò ọkàn ìyá kó tó bó.

Wọ́n á ní: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi òsì fà á mọ́ra. Òwe gidi ni, òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ tèmi. Ibo ni wáyà wà nínú rẹ̀? Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa ní gúúsù pàápàá, tó fàyè gba òbí láti na ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16, abala 295 rẹ̀ ní nínà náà kò gbọdọ̀ di ọgbẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 tún le ju ìyẹn lọ. (Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ dé kóòtù, kó lọ bá agbẹjọ́rò.)

Ọmọ tí ẹ̀rù bá bà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń sá lọ. Bó bá wá jẹ́ ìyá ló ń dẹ́rù bà á ńkọ́? Ara á ní kó sá, ara kan náà á ní kó súnmọ́. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, Mary Main àti Judith Solomon, àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn ọmọ kéékèèké tí ń lọ bá ìyá wọn, tí wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ, tàbí kí wọ́n dúró gbagidi lójijì. Ọmọ kékeré kò lè kó ẹrù rẹ̀ kó lọ gbé ibòmíràn, kò sì lè ní "Màmá ti ṣàṣejù lónìí." Ó rọrùn fún un láti gbà pé òun ló burú, torí bó bá jẹ́ òun ló burú, ó lè tún ìwà ara rẹ̀ ṣe, ilé á sì tòrò. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí wọn ò ṣe, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá kù sí ara: apá kan wà nínú ọpọlọ tí à ń pè ní amígídálà, tó ti ń kéde ewu kí ìwọ fúnra rẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí màmá bá pariwo kí ọmọ má fọwọ́ kan gáàsì, apá yẹn kò mọ̀ pé o ti pé ọdún 36. Ohùn ló mọ̀. Àìmoore kò sí nínú ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

"Gbogbo wa ni wọ́n nà, a ò kú." Mo ti mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́. Àwọn tó kú kò sí níbi tí a ti ń jiyàn. Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF àti CDC (àjọ tí ń dènà àrùn) ti Amẹ́ríkà ní Nàìjíríà lọ́dún 2014 fi hàn pé nínú ọmọ 10, bí 6 ni wọ́n ti hu ìwà ipá kan sí kí wọ́n tó pé ọdún 18. Lọ́dún 1998, dókítà Vincent Felitti, dókítà Robert Anda àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde láti San Diego, lórí àgbàlagbà tó ju 9,000 lọ. Oríṣi ìpalára méje tí èèyàn lè rí ní kékeré ni wọ́n kà: lílù, èébú, kí wọ́n máa lu ìyá ẹni lójú ẹni, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó rí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu kó di ọ̀mùtí, kí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú un, tàbí kó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá ti ẹni tí kò rí ìkankan. Má sọ ọ́ di àfọ̀ṣẹ fún ara rẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn lápapọ̀ ni wọ́n ń sọ, kò sọ ti ẹnì kan. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé kò síbi tí wọ́n ti yọ ọ̀kan kúrò nínú iye náà nítorí pé òbí fẹ́ràn ọmọ.

Kí ni kí o wá ṣe? Ohun tó kàn mí jù nínú lẹ́tà rẹ, ńṣe lo sáré kọjá lórí rẹ̀: ìyá rẹ ló ń tọ́jú ọmọ ọdún 4. Ṣé ó ń nà án? O ò sọ. Bá a sọ̀rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lórí ìkúnlẹ̀ bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kí ọkọ rẹ sì wà níbẹ̀. "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú. A ò ní na ọmọ yìí nílé yìí o. Bó bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ fi sílẹ̀ fún wa." Ó tán. Má mẹ́nu ba wáyà lọ́jọ́ yẹn. Bó bá tún nà án, wá kirẹ́ṣì fún ọmọ. Ó máa ná ọ lówó, mo mọ̀.

Wàá fẹ́ kí màmá tọrọ àforíjì. Ó lè má ṣe é láéláé. Àwọn ìyá kan á ní "Èmi kẹ̀? Mi ò rántí." Àwọn mìíràn á sunkún títí ìwọ ni wàá wá máa bẹ̀ wọ́n. Má so ìwòsàn rẹ mọ́ ẹnu rẹ̀. Ìdáríjì pẹ̀lú, bó bá wá, ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò lè pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn olùgbani-nímọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní kí gbogbo èèyàn dí nọ́ńbà òbí wọn pa ńkọ́? Ó yẹ kí ẹlòmíràn jìnnà sí òbí tó ṣì ń ṣe é léṣe. Lójú ohun tí o kọ, ìyẹn kọ́ ni tìrẹ.

Mi ò tí ì rí ọ, mi ò lè fi lẹ́tà sọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọ́. Lọ sí UCH n'Ìbàdàn, Àrò l'Abẹ́òkúta, OAUTHC n'Ilé-Ifẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yaba, èyí tó bá sún mọ́ ọ. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o rí clinical psychologist, onímọ̀ tí ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, pẹ̀lú. Wíwá gba ìtọ́jú níbẹ̀ kò sọ ọ́ di wèrè. Ọ̀pọ̀ ló ń ti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kan wà tí wọ́n ń pè ní CBT, èyí tó dá lé ìpalára tó ṣẹlẹ̀ gan-an; Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn rẹ̀ lọ́dún 2013 fún àgbàlagbà tí ìpayà àtijọ́ kò fi sílẹ̀. Wàá máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó jọ máa yẹ èrò tí o gbé jáde nínú rẹ̀ wò. Kò ní jẹ́ kí o gbàgbé o. Wáyà á ṣì wà níbẹ̀, aṣọ òfì náà á wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ ló kàn lè yé gbọ̀n. Bí èrò àtipa ara rẹ tàbí àtiṣe ọmọ léṣe bá wá sí ọ lọ́kàn, má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ku Lexotan. Kẹ́mísìtì kò gbọdọ̀ tà á fún ọ láìsí ìwé dókítà, àti pé oògùn tí ń di bárakú ni, oṣù mẹ́ta sì ti pọ̀ jù. Síbẹ̀, má torí ohun tí mo kọ yìí jáwọ́ lójijì, pàápàá bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lò ń lò ó, torí gìrì lè gbé ọ. Dókítà ni yóò bá ọ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Mú páálí rẹ̀ dání bí o bá ń lọ, kí wọ́n lè rí ìwọ̀n tí o ti ń lò.