Èsì: Ṣé Linux yóò mú iṣẹ́ Blender yá ju Windows lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá àwòrán tí ẹ ń fi Blender (ètò tí a fi ń ṣe àwòrán 3D) ṣe yóò tètè parí bí ẹ bá kúrò lórí Windows bọ́ sórí Linux, tí òun náà jẹ́ ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Bí processor yín (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kò bá ní ju core 8 lọ (core ni ẹ̀yà inú rẹ̀ tí ń ṣe ìṣirò), ẹ má retí ìyàtọ̀ ńlá, nítorí inú processor fúnra rẹ̀ ni ìṣirò náà ti ń wáyé, pípín iṣẹ́ fún àwọn core sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí Windows tàbí Linux ń ṣe níbẹ̀.

Ibi tí core bá ti pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ AMD gbé processor Threadripper 2990WX jáde ní ọdún 2018 pẹ̀lú core 32, ìdajì àwọn core náà ni kò ní ọ̀nà tààrà sí mẹ́mọ́rì, Windows ìgbà náà sì ń ṣí iṣẹ́ nípò kiri láàárín wọn, débi pé 7-Zip (ètò tí a fi ń fún fáìlì pọ̀) yá lórí Linux jù ú lọ fíìfíì. (Ẹjọ́ processor kọ́ nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kọ́kọ́ rò.)

Ní ti macOS, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà Apple, ẹ fi í sílẹ̀: láti ìgbà tí M1, processor tí Apple ṣe fúnra rẹ̀, ti dé ní ọdún 2020, processor ni ẹ óò máa fi wéra, kì í ṣe ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà.

Ẹ fi Linux sórí díìsìkì ọ̀tọ̀, kí ẹ ṣe àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tutù láàárín wọn.