Èsì: Àkókò ń tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú JAMB

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín mọ̀wé, àmọ́ àkókò ń tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìbéèrè 180 ní wákàtí 2: ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń jẹ àkókò yẹn. Ìbéèrè 60 ló ní, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40-40, bẹ́ẹ̀ máàkì 100 náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Kó má lò ju ìṣẹ́jú 35 níbẹ̀. Kó ka ìbéèrè kó tó ka àyọkà. Èyí tó bá ta kókó, kó tẹ N lórí kíbọ́ọ̀dù kọjá, kó fi P padà. Kó ṣọ́ra fún S o, òun ló ń fi ìdánwò ránṣẹ́ pé ó ti parí! Ẹ mú un lọ sí kaféè kan ní Ọláìyá, Òṣogbo, kó máa fi kọ̀ǹpútà dánra wò, kíbọ́ọ̀dù nìkan ni kó lò, kó má fọwọ́ kan máòsì rárá.