Ka ìlà 12V kí o tó ra power pack

Àbúrò mi, o ní o ti ra prósẹ́sọ̀ i5-12400F àti káàdì àwòrán RTX 3060, owó tó kù lọ́wọ́ rẹ ò pọ̀ mọ́, ẹnìkan sì ń fi power pack (àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná) tuntun kan lọ̀ ọ́ tí wọ́n kọ 750W sí lára. Owó rẹ̀ ò tó ìdajì ti 550W gidi tó o rí níbòmíràn, o wá ń bèèrè èyí tó yẹ kí o mú. Má mú 750W yẹn. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí, mo mọ ibi tó gbé mi dé.

Lọ́dún 2021, Òkè-Fìà ni mò ń gbé nígbà tí mo to kọ̀ǹpútà géèmù mi àkọ́kọ́: prósẹ́sọ̀ Ryzen 5 3600 àti káàdì GTX 1660 Super. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kó owó káàdì yẹn jọ. Nígbà tó fi máa kan power pack, owó ti tán, ni mo bá ra 600W kan tí kò lórúkọ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí páálí òfìfo. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Kò ní wáyà 8-pin (tí orí rẹ̀ ní ihò mẹ́jọ) tó yẹ kó wọ inú káàdì, ẹni tó bá mi tò ó sì wá adaptọ̀ Molex (orí wáyà àtijọ́ tó wà fún dísìkì) kan fi so ó pọ̀, ó ní kò séwu. Oṣù mẹ́ta ni mo lò ó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń gbá géèmù lọ́wọ́, iná ilé ṣàdédé mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo gbọ́ pàá, òórùn ike tó jó gba gbogbo yàrá. Power pack kú, ó mú káàdì dání. Inú mi bàjẹ́ débi pé n ò fẹ́ rí àpótí kọ̀ǹpútà yẹn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá fara balẹ̀ ka àtẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Níwájú +12V, 18A ni wọ́n kọ. Sọ volt 12 di ìlọ́po amp (A) 18, á fún ọ ní watt (W): 216W. Àròpọ̀ gbogbo ìlà ni wọ́n pè ní 600W, pẹ̀lú 3.3V àti 5V tí kọ̀ǹpútà òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. Ara 12V ni prósẹ́sọ̀ àti káàdì ti ń jẹun. Káàdì mi nìkan lè fa 125W, prósẹ́sọ̀ lè fa 88W, ìyẹn ti di 213W kí a tó dórí fáànù àti dísìkì. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń lò ó dé góńgó.

Bá a bá wá ka tìrẹ: RTX 3060 á fa 170W, 12400F á fa tó 117W bí iṣẹ́ bá le. Fi mọ́da bọ́ọ̀dù, SSD (dísìkì òde òní) àti fáànù kún un, yóò máa lọ sí 350W. NVIDIA, àwọn tó ṣe é, fúnra wọn ní 550W ni kí èèyàn lò fún káàdì yẹn. Nítorí náà, 550W tó bá ní 40A sókè lórí 12V tó ọ. Èyí tó ṣẹ́kù kì í ṣe ìfiṣòfò, torí káàdì máa ń ṣàdédé fa iná ju iye tí wọ́n kọ lọ.

Ibi tó ká mi lára jù fún àwa tí a wà l'Óṣogbo ni ìlà tí wọ́n kọ INPUT sí, ìyẹn iye volt iná ilé tí power pack lè gbà. Àwọn àlejò máa ń rò pé nígbà tó jẹ́ pé ìlú wa ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, iná ilé wa á máa dúró sójú kan. Iṣẹ́ ibùdó yẹn yàtọ̀. Wáyà àti tiransifọ́mà àdúgbò rẹ ló ń pinnu iye volt tó wọlé. Tí gbogbo ilé bá tan iná lálẹ́, 220 lè já sí 160. Power pack tí wọ́n kọ 200-240V sí á kú pìì nígbà yẹn. Èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí á máa báṣẹ́ lọ. Mo ti rí power pack méjì tí wọ́n jọ ara wọn tí nǹkan yìí nìkan sì yà wọ́n sọ́tọ̀, kí o wò ó dáadáa.

Tó bá jẹ́ pé iná ga jù ńkọ́? Bí wáyà neutral bá já lórí òpó, volt lè kọjá 300, kò sí power pack olówó pọ́ọ́kú tó lè dúró dè é. Ra guard tí àwọn èèyàn ń lò fún fíríìjì, èyí tó máa gé iná tó bá ga jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, tó sì máa ń dúró díẹ̀ kó tó dá a padà. Mi ò tan kọ̀ǹpútà láìsí i mọ́. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lò ń lò, pa kọ̀ǹpútà kí epo tó tán, torí bí epo bá ń tán lọ ni iná rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò.

Àmì 80 Plus Bronze dára. Ó túmọ̀ sí pé bí o bá ń lò ó dé ìdajì agbára rẹ̀, ó kéré tán 85 nínú 100 iná tó ń fà ló ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ààbò. Wá OVP (ààbò bí volt bá ga jù), OCP (ààbò bí amp bá pọ̀ jù) àti SCP (ààbò bí wáyà bá kan ara wọn) lára páálí rẹ̀.

Tí owó ò bá tó, mo fara mọ́ tòkunbọ̀ 550W tó lórúkọ ju tuntun gbàrọgùdù lọ. Ti Dell àti HP tó wá láti ọ́fíìsì òkè òkun ló pọ̀ lọ́jà, ojúlówó ni wọ́n, àmọ́ orí wáyà púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe 24-pin tó ń wọ mọ́da bọ́ọ̀dù, wọn kì í sì í sábà ní 8-pin ti káàdì. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wáyà rẹ̀ ń yọ, wáyà tiẹ̀ gan-an ni kí o gbà. Wáyà power pack mìíràn lè wọ̀ ọ́ rẹ́gí kó sì jó SSD rẹ.

Kí o tó sanwó, ya fọ́tò àtẹ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ fojú ara mi ka ìlà 12V yẹn.